Ariwo Ọkọ̀ Eré-ìje àti Etí Ọmọ Ọdún Mẹ́ta: Ìbéèrè Kan láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Ní oṣù keje ọdún yìí, èmi àti ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta yóò lọ kí àbúrò ọkọ mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún wa láti lọ wo àjọ̀dún ọkọ̀ eré-ìje tí wọ́n ń pè ní Goodwood Festival of Speed. Mo wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, ariwo náà sì dẹ́rù bà mí. Ìyá ọkọ mi ní kí n kàn fi òwú dí ọmọ náà létí. Ọkọ mi ní ọmọ tí ó ń sùn fọnfọn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ fèrèsé kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ṣé kí n mú un lọ, tàbí kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò ọkọ mi lọ́jọ́ náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ lè mú un lọ. Ohun tí n kò ní gbà yín níyànjú láti ṣe ni kí ẹ mú un lọ láìsí ohun ìbo-etí gidi, tàbí kí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà pápá náà ni ẹ óò ti kọ́kọ́ gbé e lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ ohun tí ọkọ yín sọ. Oorun tí ọmọ ń sùn nínú ariwo kò fi hàn pé etí rẹ̀ wà láìléwu. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọmọ náà ti mọ́ ariwo náà lára. Ibi tí a fi ń gbọ́ràn gan-an wà ní inú lọ́hùn-ún etí, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ó ní irun lórí, tí wọ́n tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan, sì tò sínú rẹ̀. Bí ohùn bá wọlé, irun wọ̀nyí á mì, ìyẹn ló sì ń di ọ̀rọ̀ tí ọpọlọ ń gbọ́. Ariwo tí ó bá pọ̀ jù a máa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjì ti ń tẹ àgbàdo mọ́lẹ̀. Òmíràn á dìde padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, òmíràn á sì kú pátápátá. Ti ẹyẹ máa ń hù padà bí ó bá kú, ṣùgbọ́n ti ènìyàn kì í hù padà. Bí gbogbo èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀, ó lè má dun ọmọ rárá, kò sì ní sunkún. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀, níbi tí wọ́n ti yin ìbọn ṣakabùlà lọ́pọ̀ ìgbà nítòsí ibi tí ó dúró sí. Ìyá rẹ̀ rò pé ọmọ náà ń ṣorí kunkun ni. Ó jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo sì rún ọ̀rá bíṣíkíìtì lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Ó yíjú padà kíá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ọmọ tí kì í fi bíṣíkíìtì ṣeré! Irú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ariwo sábà máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ etí, nítorí náà ọmọ náà ṣì lè máa dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kí ó sì má máa gbọ́ ìdajì ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Ní ti ìwọ̀n, dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Òdiwọ̀n tí a ń lò fún àgbàlagbà ní ibi iṣẹ́ ni 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, àkókò náà gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì: 88 fún wákàtí mẹ́rin, 91 fún wákàtí méjì, títí tí a fi dé 100, tí àkókò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọkọ̀ eré-ìje tí ó bá kọjá nítòsí lè ju 100 lọ dáadáa. Ti ọmọdé tún gba ìṣọ́ra ju èyí lọ: nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin, 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni wọ́n yàn fún ọmọdé, nígbà tí ti àgbàlagbà jẹ́ 80.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ọkọ̀ eré-ìje Formula 1 kò pariwo mọ́ bíi ti àtijọ́. Òótọ́ ni, láti ọdún 2014, ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ń lò, ariwo rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí Goodwood yàtọ̀ ni pé àtijọ́ àti ìsinsìnyí ni wọ́n jọ ń kó wá. Láti ọdún 1993 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ọgbà Goodwood House, ní ẹkùn West Sussex, ni ọkọ̀ àti alùpùpù ayé àtijọ́ ti ń sáré gun òkè kan tí ó wà nínú ọgbà náà, ọ̀nà tí ó gùn tó kìlómítà 1.86, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọn kò dín ohùn rẹ̀ kù. Kódà ọkọ̀ tí ó yára jù lọ lórí òkè náà ní ọdún 2022, McMurtry Spéirling, tí ó gùn ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 39.08, iná mànàmáná ni ó ń lò, síbẹ̀ fáànù tí ó fi ń fa ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń hu gan-an. Àǹfààní ńlá tí wọ́n sì ń fún òǹwòran níbẹ̀, pé ó lè rìn lọ síbi tí wọ́n to ọkọ̀ sí, kí ó dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ rẹ̀, ni ewu tí mo ń tọ́ka sí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ̀rọ náà máa ń bú jáde, ẹ kò sì ní rí àyè nawọ́ sí àpò.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ẹnu ọ̀nà ni kí ìbo-etí ti wà lórí ọmọ. Èyí tí mo ń sọ ni irú èyí tí ó dà bí hẹ́dífóònù ńlá, tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú máa ń dé. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá EN 352, ìyẹn àmì òdiwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù fún ohun ìbo-etí, wà níbẹ̀, nítorí pé hẹ́dífóònù orin tí wọ́n ń tà fún ọmọdé jọ ọ́ púpọ̀, kì í sì í dá ariwo dúró. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ó ń dín dẹ́síbẹ̀lì 25 kù, ẹ má retí 25. Lórí ọmọ tí ń jà, tí ń mi orí, ó máa ń dín sí i. Ẹ má ṣe ra fóòmù kékeré tí a ń kì bọ etí fún un. Ihò etí ọmọ ọdún mẹ́ta kò gbà á dáadáa, ó sì lè yọ ọ́ kí ó gbé e mì, kí ó há a lọ́fun. Ní ti ìmọ̀ràn ìyá wa, ìfẹ́ ni wọ́n fi gbà yín, ṣùgbọ́n ohun tí òwú ń dín kù nínú ariwo kò tó nǹkan.

Irun ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ irun tàbí ìdì irun bá wà láàárín ìbo-etí àti àwọ̀ orí, àlàfo á wà, ariwo á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di kòlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ fún un kí ẹ tó rìnrìn-àjò, kí ẹ yọ yẹtí rẹ̀, kí ẹ má sì fi gèlè tàbí fìlà sábẹ́ ìbo-etí náà. Bí oòrùn bá mú, fìlà lè wà lókè rẹ̀.

Ẹ rà á ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ sì máa fi kọ́ ọ nílé. Nígbà tí ẹ bá ń lọ ata ní bílẹ́ńdà, kí ẹ̀yin náà dé tiyín, kí ó dé tirẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un. Ọmọ tí ó bá ti rí i pé ìyá òun ń dé e kì í bínú sí i. Ní àsìkò yìí kan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, pàápàá bí ó bá ti ṣọyún rí. Ẹ̀ka ìtọ́jú etí wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Jíjìnnà náà jẹ́ oògùn. Ní gbangba, bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ohun tí ń dún, nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 ló ń lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó kúrò ní mítà 5 lọ sí mítà 20 ti dín 12 kù. Ó tún ní ìdí mìíràn. Níbi eré-ìje ọkọ̀ ní Le Mans, ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1955, àfọ́kù ọkọ̀ kan fò wọ àárín òǹwòran, ó sì ju ènìyàn 80 lọ tí ó kú. Ẹ dúró níbi tí wọ́n bá ní kí òǹwòran dúró, kí ẹ má ṣe gbé ọmọ lé èjìká ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Níhìn-ín nílé, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi alùpùpù dárà lójú títì láìsí ọgbà kankan, ìdáhùn mi kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ kan ya wọ èrò níbi ìwọ́de alùpùpù ní Calabar ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó sì gba ẹ̀mí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti etí. Èrò ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Bí ọmọ yín bá sọnù, tí wọ́n bá bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, kí ni yóò sọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ ju Mọ́mì lọ, bí ó bá sì jẹ́ èdè Èkìtì nìkan ni ó ń sọ, ẹni tí ó rí i níbẹ̀ kò ní gbọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ yín lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ fi bírò kọ nọ́ḿbà fóònù tí yóò wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí apá rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú aṣọ tí ó wọ̀. Ẹ kó súwẹ́tà àti aṣọ òjò dání. Oṣù keje ọ̀hún kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn wa; ní ọdún 2023, afẹ́fẹ́ líle mú kí wọ́n fagi lé gbogbo ọjọ́ Sátidé àjọ̀dún náà.

Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tó fún ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì máa mú un kúrò níbi ariwo láti sinmi láàárín rẹ̀. Bí ó bá ń fọwọ́ ra etí, tí kò dáhùn bí ẹ ti ń pè é, tàbí tí ẹ rí i lẹ́yìn ọjọ́ kejì pé ó ń fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò láìdúró de pé kí ẹ padà sílé.

Kí ẹ tó kúrò nílé àbúrò ọkọ yín ní àárọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ jọ fẹnu kò pé bí ọmọ bá yọ ìbo-etí rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kẹta, tí ó kọ̀ láti dé e padà, ẹ̀yin àti òun yóò kúrò níbi ariwo lójú ẹsẹ̀, òun àbúrò yóò sì dúró wo ìyókù. Ẹ béèrè ọ̀nà tí ẹ óò gbà padà sílé láìsí i, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì mú owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ara yín.