Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí SSD 128 GB yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ní laptop tòkunbọ̀ tí ẹ rà ti ń fi ìlà pupa hàn ní C, ìyẹn SSD tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, pé 128 GB ni wọ́n pè é fún yín àmọ́ 119 lẹ bá níbẹ̀, pé 2 GB péré ló sì kù, bẹ́ẹ̀ ẹ ò kó nǹkan gidi kan sí i: ẹ kú ìdààmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Irú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mo fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ pírójẹ́ẹ̀tì n'Íbàdàn. Kíkún tó kún kọ́ ló fi ojú mi rí màbo. Ohun tí mo fi ìkánjú pa rẹ́ ni.

Ti 119 yẹn, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ yín jẹ. Bílíọ̀nù kan báìtì ni àwọn tó ń ṣe SSD ń pè ní GB kan. Windows ní tiẹ̀ ń fi 1,024 ka tiẹ̀: 1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024. Kóńgò ìyá kan tóbi ju ti èkejì lọ. Gàrí kan náà ni, iye kóńgò ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ lọ fi pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo tẹ Ctrl àti S, Word ní àyè ò sí mọ́. Mo wo C, òfo ló kù. Ni mo bá ṣí fódà Windows, mo sọ pé kó fi ohun tó bá pamọ́ hàn mí, mo sì rí fódà kan tó ń jẹ́ Installer, 9 GB. Orúkọ àwọn fáìlì inú ẹ̀ ò lórí, kò nídìí: lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n lù pọ̀, tí ìparí wọn jẹ́ .msi àti .msp. Mo ní pàǹtírí ni. Mo pa gbogbo wọn rẹ́, mo bá ọmọ náà parí iṣẹ́ ẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Office 2010 tó wà lórí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé fáìlì tí wọ́n fi gbé òun wọlé dà. Mo fẹ́ tún un ṣe, ó kọ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó tún kọ̀. Ibi tí Windows ń tọ́jú ohun tó máa fi tún àwọn ètò ṣe, tó sì máa fi yọ wọ́n, ni Installer yẹn. Mo nu ẹ̀rọ náà tán, mo fi Windows mìíràn sí i, ọjọ́ méjì ni ṣọ́ọ̀bù sì fi wà ní títì. Àwọn tí mo ti ṣèlérí fún dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tí wọ́n fi gba ibòmíràn lọ.

Fódà WinSxS náà wà nínú Windows, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń wù láti kó dànù tí wọ́n bá rí bó ṣe tóbi. Ẹ má fi ọwọ́ yín kàn án. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fi hàn yín, fáìlì Windows fúnra ẹ̀ ni, tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Disk Cleanup, ètò ìnu-nǹkan tó wà nínú Windows, ni kí ẹ ṣí, kí ẹ tẹ Clean up system files, kó fúnra ẹ̀ yọ ohun tó tó yọ. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí Windows.old, ìyẹn Windows àtijọ́ tó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn àtúnṣe ńlá. Ó lè ju 15 GB lọ. Tí gbogbo nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba inú Settings lọ sí Temporary files, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí ẹ̀ ń fi àmì sí, torí Downloads wà lára wọn níbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń gba àyè ní C. Ètò kan tó ń jẹ́ WizTree ni mo ń lò. Ẹ ṣí i pẹ̀lú Run as administrator. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á to àwọn fódà sílẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ẹnu yà mí. 31 GB wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ MobileSync, ní ìsàlẹ̀ AppData tí èèyàn kì í dé. Ẹ̀dà ohun inú iPhone tí ìyàwó mi ti tà lọ́dún kan ṣáájú ni, iTunes, ètò Apple, ló tọ́jú ẹ̀. Inú iTunes náà ni mo ti yọ ọ́. Fídíò Telegram jẹ́ 12 GB. Ètò kan wà nínú Downloads tí mo ti fi dáátà mi gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi àṣẹ powercfg /h off pa hibernate, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń fi iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí pamọ́ sórí SSD kó tó kú. Lóòótọ́, fáìlì hiberfil.sys á lọ. Lórí ẹ̀rọ mi tó ní RAM 8 GB, bíi 3 GB ló padà wá. Ṣùgbọ́n inú fáìlì yẹn ni ẹ̀rọ ń da iṣẹ́ yín sí tí bátìrì bá fẹ́ kú. Mo pa á. Lọ́jọ́ kan iná lọ, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ tán, mo gbé gálọ́ọ̀nù jáde. Kí n tó dé, ẹ̀rọ ti kú. Ohun tí Word bá mi gbà sílẹ̀ ò tó ìdajì ohun tí mo ti tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bí iná tiwa ṣe rí ni tiyín náà rí, ẹ fi 3 GB yẹn sílẹ̀ fún un.

Ẹ má sì lo SSD dé góńgó. Ẹ lè ki ìgò mínírà sínú kíréètì lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọ kíréètì, ẹ ó kọ́kọ́ kó ìgò tó kù nínú ẹ̀ lọ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni SSD ṣe ń ṣe: ó ń kọ nǹkan díẹ̀díẹ̀, àmọ́ odindi búlọ́ọ̀kù, ìyẹn kíréètì tiẹ̀, ló ń nù. Tí kò bá sí kíréètì tó ṣófo, á máa ṣí ẹrù kiri kó tó ráyè kọ lẹ́tà kan, ẹ̀rọ á sì máa fà. Èmi ń fi 20 GB sílẹ̀ nínú 119. TRIM, àṣẹ kan tí Windows ń fi ránṣẹ́, ló ń sọ fún SSD pé ohun tí ẹ pa rẹ́ ò wúlò mọ́, kó lè nù ún. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro gan-an kí ẹnikẹ́ni tó lè bá yín rí i padà tí ẹ bá ti da Recycle Bin nù.

Ẹrù yòókù ńkọ́? Tí laptop yín bá ní ibi tí wọ́n ń ki DVD sí, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi caddy, férémù tí hard disk ń wọ̀ sí, gbé hard disk àtijọ́ síbẹ̀, kó di D. Ẹ wọn bí DVD náà ṣe nípọn kí ẹ tó rà á: 9.5 mm wà, 12.7 mm wà. Ẹ wá ṣẹ̀dá fódà kan ní D, kí ẹ fi right-click kan Downloads, Properties, Location, Move, kí ẹ yan fódà yẹn. Ẹ má yan D lásán. Ẹ má sì ra fláàṣì 1 TB olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbé kiri; mo rà á rí, fáìlì wọlé, orúkọ wọn hàn, nígbà tí mo ṣí wọn, inú wọn ṣófo. Ètò kan tó ń jẹ́ H2testw ni mo fi ń dán wọn wò báyìí kí n tó kó nǹkan sí i.

Ẹ kọ orúkọ fódà mẹ́ta tí WizTree bá tò sókè jù ránṣẹ́, pẹ̀lú iye GB wọn, ká jọ wò wọ́n.