Oògùn làkúrègbé mi tí aládùúgbò ń tọrọ

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékùm, Ààfáà. Ọ̀kun o. Kábbà ni mo ti ń kọ̀wé. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí làkúrègbé ti mú mi, irú èyí tí dókítà ní Lọ́kọ́ja sọ pé àwọn ọmọ ogun inú ara mi ló ń bá oríkèé mi jà. Hydroxychloroquine ni mò ń lò lójoojúmọ́, àti methotrexate lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Látìgbà tí Kòrónà ti dé ni àwọn aládùúgbò ti ń tọrọ hydroxychloroquine náà, wọ́n ní ó ń dènà àrùn. Mi ò fún wọn, wọ́n ní ahun ni mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ní àìlọ mi sí àsàláátù, àpéjọ àdúrà wa, fi hàn pé ìgbàgbọ́ mi kéré, kí n ju oògùn nù, kí n gbára lé Ọlọ́hun. Ìka mi kì í lè di búútà mú láàárọ̀. Ààwẹ̀ sì ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa aláékùmù sàláàmù, ìyá mi. Ẹ kú ìnira o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti oògùn. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ahun kọ́ nìyẹn. Ohun tó máa ṣe ẹni tí a fún láǹfààní là ń fi ṣe sàráà. Lóṣù kẹta ọdún 2020, ariwo ta láti Amẹ́ríkà pé chloroquine ń wo Kòrónà, àwọn kan sì gbé e mì l'Ékòó títí ó fi di májèlé sí wọn lára. Ọmọ ìyá ni òun àti oògùn tiyín. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá ìdánwò tí wọ́n ń fi hydroxychloroquine ṣe lórí àwọn aláìsàn Kòrónà dúró, torí pé kò dín ikú kù. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní a kò gbọdọ̀ ni ara wa lára, a kò sì gbọdọ̀ ni ẹlòmíì lára. Bí ẹ bá pín in tán, ẹ̀yin lẹ máa wà lórí ẹní, àwọn tó gbà á kò sì ní rí àǹfààní kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Umar, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì, ń lọ sí Ṣáámù (ilẹ̀ Síríà), ó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní kí wọ́n pa dà. Abu Ubaydah, olórí ogun rẹ̀ ní Ṣáámù, bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar ní ì bá dára kó jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun làwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó ní bó o bá da ràkúnmí dé àfonífojì tí apá kan tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì gbẹ, ṣebí kádàrá Ọlọ́hun ni, èyí tó wù kó o dà wọ́n sí? Kádàrá ni kéèyàn lo oògùn, kádàrá ni kó jù ú nù. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín apá ibi tí òun máa da ẹran tirẹ̀ sí.

Methotrexate yẹn ń dẹwọ́ àwọn ọmọ ogun inú ara ni, ìdí nìyẹn tí èrò púpọ̀ fi léwu fún yín ju ẹlòmíì lọ. Àmọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín. Dókítà ló ń pinnu ìyẹn. (Ẹni tó bá sì ń lo prednisolone, oògùn làkúrègbé mìíràn, tó ń ka èyí, ó léwu gan-an kó dá a dúró lójijì.) Àsàláátù kì í ṣe ọ̀ranyàn. Jímọ̀ pàápàá kò pọn dandan fún obìnrin. Ànábì rí bàbá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀ méjì ń mú rìn nítorí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ pé òun máa fẹsẹ̀ rìn, ó ní Ọlọ́hun kò bùkátà sí kí ẹni yìí máa fìyà jẹ ara rẹ̀, ó sì ní kó gun nǹkan. Iṣẹ́ rere tẹ́ ẹ máa ń ṣe nígbà tára yín le, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín báyìí tẹ́ ẹ ń ṣàìsàn. Ó wà nínú hádíìsì Bukhari.

Ní ti ìrun, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe Imran ọmọ Husayn, ọmọlẹ́yìn Ànábì, nígbà tí Ànábì sọ fún un pé kó kírun lórí ìdúró; bí kò bá lè dúró, kó jókòó; bí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lórí àga, ẹ tẹríba fún rúkúù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ba sí i fún ìforíkanlẹ̀. Ó parí.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Oògùn ojoojúmọ́ lè bọ́ sí sàárì tàbí lẹ́yìn ìṣínu, ti ọ̀sẹ̀ náà lè bọ́ sí alẹ́, bí dókítà yín bá fọwọ́ sí i. Bó bá ní kẹ́ ẹ má gbà á, Àlùkùránì ti yọ̀ǹda ọjọ́ mìíràn fún aláìsàn. Bí kò bá sí ìrètí pé ẹ lè san án pa dà, ẹ bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mudu kan oúnjẹ. Mudu ọjà Kábbà kọ́ o! Mudu Ànábì kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì tí a pa pọ̀ lọ. Mo ti rí opó kan tó ń ta ewúrẹ́ torí àṣìṣe yìí.

Ó wá ku búútà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé omi kaná kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ọmọ yín máa dà á sí yín lápá. Mughirah, ọmọlẹ́yìn Ànábì, da omi àlùwàlá fún Ànábì fúnra rẹ̀. Bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ṣì ń dá kún àìsàn náà, ẹ ṣe tàyámọ́mù, ìyẹn àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kì í ṣe ẹni tó yẹ kó rí apá yín, ṣùgbọ́n ó lè bá wa ṣẹ́gi tí wọn ó fi gbé omi náà kaná.