Bí bọ́ọ̀lù inú flowmeter ọ́síjìn kò bá sọ̀ kalẹ̀ mọ́

Ẹ béèrè pé bọ́ọ̀lù kékeré inú flowmeter ọ́síjìn (ẹ̀rọ tó ń fi bí ọ́síjìn ṣe ń ṣàn tó hàn, nípa bọ́ọ̀lù tó ń gòkè nínú ọ̀pá tí a lè rí inú rẹ̀) tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kì í padà sí òdo bí ẹ bá ti fáàfù rẹ̀ pa, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ fi epo díẹ̀ sí i. Títún irú ẹ̀rọ báyìí ṣe niṣẹ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti epo: ẹ má ṣe jẹ́ kí epo kàn án rárá, ìbáà ṣe epo ẹ̀rọ, gíríìsì, fasilín tàbí ìpara tó wà lọ́wọ́ yín. Ìfúnpá inú sílíńdà ọ́síjìn tó kún máa ń tó 137 bar (bar ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá gáàsì). Bí ẹnìkan bá ṣí i lójijì, gáàsì á rọ́ wọ inú rẹgulétọ̀ (ohun tó ń dín ìfúnpá gáàsì kù), á gbóná gan-an, epo tín-ín-tín tó bá sì wà níbẹ̀ lè gbiná. Mo ti tú rẹgulétọ̀ kan rí tí ẹnu rẹ̀ jó dúdú, tí wọ́ṣà rẹ̀ sì yọ́ mọ́ irin, nítorí fasilín tí wọ́n fi pa á kó lè rọrùn láti dè.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wádìí ohun tó ń ṣe é gan-an. Ẹ rọra ti fáàfù flowmeter náà pa, lẹ́yìn náà kí ẹ ti gáàsì láti orísun rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wálẹ̀ nígbà tí gáàsì tán, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ fáàfù tàbí ibi tó ń bà lé ti jẹ, gáàsì sì ń yọ́ kọjá. Àfipá-ti ló sábà máa ń fa èyí, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń fi gbogbo agbára yí i. Ẹ má ṣe fi nǹkan ha á, ẹ má ṣe fi nǹkan dí i. Ẹ ra abẹ́rẹ́ àti wọ́ṣà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. (Bó bá jẹ́ pé ṣe ló ta sókè lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ẹ so ó mọ́ gáàsì, tó sì padà sí òdo, kò sí ohun tó ṣe é.)

Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀pá nígbà tí gáàsì ti tán, omi tàbí ìdọ̀tí ló dì í mú, èyí ni mo sì ń bá pàdé jù. Wọ́n á dá flowmeter dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi tó ń mú ọ́síjìn rọ̀, omi á sì gba ẹnu ọ̀nà gáàsì padà sínú ọ̀pá. Bó bá gbẹ, á fi ẹfun funfun sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹfun yìí ló sì ń fa bọ́ọ̀lù náà. Ẹ já a kúrò lára gáàsì, kí ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ tó tú ọ̀pá náà. Ẹ fi isopropyl alcohol (ọtí tí a fi ń nu nǹkan, kì í ṣe èyí tí à ń mu) àti aṣọ tí kì í já fọ́nrán nù ún, tí ìwé ẹ̀rọ náà bá gbà á láàyè, nítorí àwọn ọ̀pá oníke kan máa ń sán bí ọtí bá kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ má sì ṣe gbé bọ́ọ̀lù ọ̀kan sínú ọ̀pá òmíràn, torí pé wọ́n wọn bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá pọ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi ọṣẹ tí kò ní epo wo gbogbo ìsopọ̀ bóyá ó ń hó. Ẹ mú un dúró ṣánṣán, kí ojú yín wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kí ẹ ka àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi wé flowmeter mìíràn tó dá yín lójú, ní lítà 2, 5 àti 10 ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ yọ ọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù náà, nítorí ọmọ tuntun tí dókítà kọ ìdajì lítà fún lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.