Ṣé wọ́n lé Finidi ni àbí òun ló lọ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá wọ́n lé Finidi George kúrò nípò kóòṣì Super Eagles ní 2024 ni àbí òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o, àmọ́ ká sòótọ́, wọ́n ti fọ̀nà ilé hàn án kó tó gbé bírò. Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n gbéṣẹ́ fún un, kí oṣù kẹfà tó parí ó ti lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé nǹkan ti bàjẹ́ kó tó dé, ìgbà Peseiro, kóòṣì tó ṣáájú ẹ̀, la gbá òmì 1-1 pẹ̀lú Lesotho nínú ìdíje àtilọ sí World Cup 2026, a tún gbá 1-1 pẹ̀lú Zimbabwe, Lesotho kẹ̀! Finidi náà wá gbá 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ a pàdé orílẹ̀-èdè Benin ní Abidjan, Onyedika tiwa kọ́kọ́ ju góòlù kan sáwọ̀n, mo ti ń pariwo nílé, kí wọ́n tó lọ sinmi Benin ti dá méjì padà, Mounié ló gbá ìkejì wọlé. Èyí tó dùn mí jù ni kóòṣì wọn: Gernot Rohr, ẹni táwa fúnra wa lé lọ ní 2021!

Bí NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣe kéde pé àwọn máa wá òyìnbó tó máa ṣọ̀gá lé Finidi lórí nìyẹn. Ta ló máa dúró gba irú ìyẹn? Ó lẹ́bi tiẹ̀ o, torí ní ìdajì kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Benin yẹn a ò tiẹ̀ mọ ohun tá à ń ṣe lórí pápá, ṣùgbọ́n Osimhen, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa tó fara pa, ò sí níbẹ̀.