Ṣé ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè alágbèéká tó owó rẹ̀ fún gáréèjì ilé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi fúnra mi ni mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti páàdì bíréèkì ọkọ̀ méjèèjì tó wà nílé wa. Jáàkì kan àti ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ni mo ń lò, ṣùgbọ́n kí n tó gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ sókè tán, ó ti máa ń rẹ̀ mí. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè alágbèéká, àbí kí n máa bá jáàkì mi lọ?

ÌDÁHÙN: Bó bá jẹ́ irú iṣẹ́ tí ẹ dárúkọ yìí ni, tí ẹ sì ń ṣe é léraléra, ẹ rà á. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ni mo máa sọ fún pé kó fi owó rẹ̀ pamọ́.

Ohun tó máa ń já àwọn olùrà kulẹ̀ jù ni gíga. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ férémù irin gígùn méjì tí a ń tì sábẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fi agbára ọ́ìlì gbé méjèèjì sókè pọ̀, ní nǹkan bí ìdajì mítà péré. Ìyẹn tó kí ẹ jókòó sórí àpótí tú bíréèkì, ó sì tó kí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láìfún ara yín mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí pé ẹ ń dìde dúró lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ yóò ṣì jẹ́ làálàá. Irú èyí tó ń ṣí bíi sísọ́ọ̀sì máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ara rẹ̀ ló ń dí àárín ọkọ̀, níbi tí sàlẹ́ńsà àti gíábọ́ọ̀sì wà gan-an.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìwé ọkọ̀ méjèèjì fún bí wọ́n ṣe wúwo tó, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè gbé wọn, kí ẹ sì fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín ibi tí jáàkì ń dúró sí níwájú àti lẹ́yìn, nítorí férémù tó bá ọkọ̀ kékeré mu lè kúrú jù fún ọkọ̀ ńlá. Ilẹ̀ gáréèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ kọnkéré tó tẹ́jú, tí kò sì sán. Férémù kan lè wúwo tó kílò 40, nítorí náà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa kó o sí.

Ní ti ààbò, n kò ní gbọ̀jẹ̀gẹ́: ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ agbára ọ́ìlì nìkan ló gbé e dúró. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò lè bẹ́ nígbàkigbà. Ẹ gbé ọkọ̀ kọjá irin ìdènà, ìyẹn irin tó ń há férémù mọ́ òkè kó má bàa já wálẹ̀, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lé e lórí, kí ẹ sì fojú rí i pé tọ̀tún-tòsì ti há dáadáa. Èyí tí kò bá ní irin ìdènà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ní Yúróòpù, EN 1493, ìyẹn ìlànà ààbò fún ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè, ni irú ẹ̀rọ báyìí ń tẹ̀ lé. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wò ó bóyá òǹtẹ̀ ALI (Automotive Lift Institute, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè) wà lára rẹ̀.

Ẹ má sì ta jáàkì àti ẹsẹ̀ irin yín, torí bí ẹ bá fẹ́ tú apá tó gbé táyà dání, ẹ ṣì nílò ohun tí yóò tì í lábẹ́ lọ́tọ̀.