Kí ló gbé adé ìlẹ̀kẹ̀ dé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọba tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ fi ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba Yorùbá nínú iṣẹ́ ọnà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan nílẹ̀ wa. Ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti lú ìgbàgbọ́ pọ̀ mọ́ ìbọ̀rìṣà.

Rárá o. Ohun tí ilẹ̀kùn ààfin ti ń sọ tipẹ́ ni wọ́n mú wọ ilé Ọlọ́run.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, nígbà tí àwọn fádà SMA, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà kan, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, tí Fádà Kevin Carroll sì ń mójú tó o. Àwọn tó jogún iṣẹ́ ni wọ́n pè. George Bándélé wà níbẹ̀, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú igi gbígbẹ́. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Làmídì, òun náà ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Carroll ò ní kí ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ ààfin tì nítorí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni igi ń là kọjá lọ́wọ́ wọn. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọ́n á la igi títí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà á fi hàn. Àlétúnlé ló kàn, ojú, etí àti ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ara ère á jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ṣónṣó ọ̀bẹ ti ń fa ilà ojú, tó ń la irun dídì, tó sì ń to ìlẹ̀kẹ̀ adé níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọba ààfin náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ ọba inú Bíbélì.

Ẹ tún rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó sì wà ní British Museum báyìí. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́. Òyìnbó ìjọba ni wọ́n gbé wá bá a. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àlejò ló ń tọ ọba wá. Nínú ère Kérésìmesì, ọba aládé ló gbéra, òun ló gbé ẹ̀bùn dání, ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé sẹ́sẹ̀ ló sì ń gbé e lọ fún. Kì í ṣe gbogbo olóyè ló lè dé adé ìlẹ̀kẹ̀, àwa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ irú ọmọ tí ọmọ yìí jẹ́ kí wọ́n tó wàásù kankan. Ká ní láwàní àjèjì ni wọ́n dé, a ò bá kàn sọ pé àlejò ni wọ́n.

Ìwé Mátíù gan-an ò pè wọ́n lọ́ba, amòye ló pè wọ́n, kò sì sọ iye wọn. Wúrà, tùràrí àti òjíá ló mú káwọn èèyàn kà wọ́n sí mẹ́ta, Sáàmù 72, níbi tí àwọn ọba ti ń mú ẹ̀bùn wá, ló sì sọ wọ́n dọba lójú ìjọ. Àwọn òyìnbó náà wọ̀ wọ́n láṣọ ilé tiwọn. Ní Florence ní Ítálì, lọ́dún 1459, Benozzo Gozzoli ya àwọn ará ilé Medici, ìdílé olówó tó lágbára nílùú náà, mọ́ àwọn tó ń bá àwọn amòye náà rìn, lára ògiri ilé àdúrà ìdílé wọn. Ní ti ère fúnra rẹ̀, àpérò ìjọ tó wáyé ní Nísíà ní 787 ti sọ ọ́ pé ẹni tí ère ń tọ́ka sí ni ọ̀wọ̀ ń lọ bá, kì í ṣe igi.

Bí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun ọ̀dà lé e. Ọ̀dà máa ń dí ojú fínfín. Ikán ni kí ẹ máa ṣọ́, pàápàá nísàlẹ̀ níbi tó ti fara kan ilẹ̀.