Bákọ́ọ̀pù ń gé ìpè wa, ṣé ká ra láìnì tó tóbi sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì méjì la ní, láìnì 10 Mbps (ìyẹn bí dátà ṣe ń yára kọjá lórí ẹ̀ tó) ló so wọ́n pọ̀, orí ẹ̀ náà la ti ń pe ara wa. Láàárọ̀ gbogbo ẹ̀ máa ń dáa, àmọ́ tí bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà dátà wa tá a máa ń fi pamọ́, bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án báyìí, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ká wá máa pariwo "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ọ̀gá wa fẹ́ lọ ra 50 Mbps. Ṣé ìyẹn á yanjú ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n má tíì sanwó. Ìpè kan tó ń lo G.711, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ ohùn di dátà, ò ju nǹkan bíi 80 kbps lọ (1,000 kbps ló wà nínú 1 Mbps), èèyàn mẹ́wàá lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó má tíì pé 1 Mbps, ohùn kọ́ ló kún láìnì yín. Bákọ́ọ̀pù ni, gbogbo àyè tó bá rí ló máa ń gbà, tẹ́ ẹ bá fún un ní 50 ó lè tètè parí lóòótọ́, àmọ́ títí tó fi máa parí, ìpè yín ṣì lè máa gé.

Inú módẹ́ẹ̀mù ni wàhálà wà. Ká ní ó lè kó dátà 1 MB jọ, lórí 10 Mbps, 800 ms (1,000 ms ni ìṣẹ́jú àáyá kan) ni gbogbo ẹ̀ máa fi jáde tán, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ni ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa tò sí, bẹ́ẹ̀ ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti ìbánisọ̀rọ̀, ní kí ìdádúró ohùn má ju 150 ms lọ ní ọ̀nà kan tí ọ̀rọ̀ bá máa já geere.

Tẹ́ ẹ bá lè sún bákọ́ọ̀pù sí òru, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣètò ráútà yín kó má fi ju 9 Mbps ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú láìnì tẹ́ ẹ sanwó fún, àmọ́ ìyẹn ló máa jẹ́ kí dátà tó ń tò máa tò sínú ráútà dípò módẹ́ẹ̀mù, níbi tẹ́ ẹ ti lè sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá. Ẹ wá fi DSCP 46, àmì tó ń sọ fún ráútà pé kó tètè jẹ́ kó kọjá, sára ohùn kó máa ṣíwájú, ẹ sì fi òdiwọ̀n sí i o, kó má lọ febi pa àwọn yòókù. Tí ráútà bá ní fq_codel tàbí CAKE, àwọn ètò tí kì í jẹ́ kí dátà tó ń tò pọ̀ jù, ẹ tàn án. Ọ́fíìsì méjèèjì lẹ ti máa ṣe é, torí ohun tí ráútà bá ń fi ránṣẹ́ nìkan ló lè darí dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ṣe ping, ìyẹn ìdánwò tó ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí dátà lọ kó sì bọ̀, sí ọ́fíìsì kejì nígbà tí bákọ́ọ̀pù ń lọ. Tó bá fò láti 20 ms lọ sí 600, ohun tí mo sọ yìí náà ni. Àmọ́ tí pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà kéékèèké, bá ń sọnù nígbà tí bákọ́ọ̀pù ò ṣe rárá, láìnì fúnra ẹ̀ ni ò dáa, ẹ pe àwọn tó tà á fún yín.